Àwọn Tí Wọ́n Jọ Ń Jẹ Búrẹ́dì

Bàbá mi tí mo ń gbọ́ òórùn wọn nínú gbogbo búrẹ́dì gbígbóná,

Mo ti dé Bìní o. Ikpoba Hill ni mò ń gbé, yàrá kan náà pẹ̀lú ọmọ Ẹ̀dó kan tí ń jẹ́ Isoken. Kò ṣe ohun burúkú kan sí mi. Èmi ni n kò mọ ohun tí mo lè bá a sọ. Bí mo bá la ẹnu, Pidgin mi á kọsẹ̀, n ó sì dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bẹ Màmá pé kí wọ́n bá mi wá ilé-ìwé mìíràn nítòsí ilé.

Lánàá, olùkọ́ wa tú ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan palẹ̀ fún wa: "company". Ó ní láti inú èdè Látìn ló ti wá, pé búrẹ́dì ló wà nínú ikùn rẹ̀: ẹni tí ẹ jọ ń jẹ búrẹ́dì. Láti ibẹ̀ ló ti di alábàárìn, ó di ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ó di àwọn oníṣòwò tí wọ́n pa owó pọ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo rántí pátákó békìrì yín: orúkọ yín, "and Company". Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin, Màmá àti ààrò kan ṣoṣo ni kọ́ńpìnnì ọ̀hún! Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àbí ó kàn dùn lẹ́nu yín ni?

Nírọ̀lẹ́, mo ń jẹ búrẹ́dì nígbà tí Isoken wọlé. Mo ní, "Come chop," bí a ṣe máa ń ṣe nílé. Mo ń retí kó dúpẹ́, kó ní á gba ibi ire, kó sì kọjá. Bàbá, ó lọ fọ ọwọ́!

"God bless you! Hunger wan kill me." Ó bù ú sí méjì, ó mú èyí tó tóbi. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó yínmú. "But this bread no sweet o. Who bake am?"

Inú bí mi nítorí yín. "My papa own sweet pass this one!"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo sọ bí ẹ ṣe máa ń fi ìka kan ìdí búrẹ́dì, tí ẹ ó sì tẹ́tí bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́. Mo sọ ti ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà pẹ̀lú.

"So me and you na company?" Isoken bú sẹ́rìn-ín. "Then na me be director. I chop pass you."

Láàárọ̀ yìí, mo pe Màmá pé kí wọ́n má wá ilé-ìwé kankan mọ́. Wọ́n ní kí ló dé. Mo kàn ní búrẹ́dì kan kò tó wa mọ́, méjì ni a ó máa rà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò dá jẹun mọ́.