Mo Ti Relé Ọkọ, Ó Ku Àdúrà Yín

Ìyànà Ọ̀fà,
Oṣù Kọkànlá, 1963.

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, Ìyá mi àti ẹ̀yin àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín. Kí n tó béèrè àlàáfíà yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi pamọ́ fún yín: mo ti relé ọkọ. Jídé ni orúkọ rẹ̀, ó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba ní Ẹgbẹ́dá. Inú mi ń dùn débi pé àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń béèrè ohun tí tíṣà wọn ń rẹ́rìn-ín sí tó bá ń kọ ìṣirò sójú pátákó.

Ṣùgbọ́n ẹ kò sí níbẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ayọ̀ náà kún.

Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ti wọ́n omi sí Jídé lórí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí mo ń lọ níhìn-ín ní àfi kó tún un ṣe nínú odò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun kò ní so wá pọ̀. Jídé fèsì pé kòkó tí kò bá gbẹ dáadáa lòun máa ń dá padà fún olóko, Ọlọ́run kò sì tíì dá òun padà. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kò yí òfin ìjọ padà. Ìjọ ti Jídé náà ní kí bíṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé mi lórí, bí ẹni pé ìrìbọmi tí mo ṣe níṣojú yín kò tó. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹnì kejì purọ́ níwájú Ọlọ́run. La bá lọ sí kọ́ọ̀tù n'Ìbàdàn.

Bí a ṣe fọwọ́ síwèé tán, mo kúnlẹ̀ láìrònú, ojú mi ń wá yín kiri. Akọ̀wé béèrè bóyá nǹkan mi ló já bọ́. Mẹ́sẹ́ńjà ibẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, ló yé pé àdúrà òbí ni mo kúnlẹ̀ fún. Ó ní ṣé n kò ní bàbá ni. Mo fèsì pé mo ní bàbá. Ó ní ó dáa, òun á bá wọn ṣe é. Ó ṣàdúà gígùn fún wa, a ń ṣe àmín. Àdúà náà dára, ṣùgbọ́n ohùn yín kọ́.

Ọyẹ́ ti ń dé. Tí Jídé bá ti lọ síbi iṣẹ́, ilé a pa lọ́lọ́, n ó sì máa sunkún. Àwọn ìyá ìjọ kì í bá mi jókòó mọ́. Wọ́n ní mo bá ọkọ lọ, mo fi Jésù sílẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn. Ó dùn mí pé n kò kọ̀wé sí yín ṣáájú. Díákónì lẹ jẹ́, Bàbá, ẹ̀rù ló bà mí.

Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé Bàbá àgbà, tí wọ́n gba ààwẹ̀ Mùsùlùmí títí ọjọ́ ikú wọn, tẹ̀ lé yín dé etí odò lọ́jọ́ tí ẹ ṣèrìbọmi. Wọn kò gba ohun tí ẹ gbà gbọ́. Síbẹ̀, wọ́n bá yín di aṣọ gbígbẹ yín mú títí ẹ fi jáde nínú omi. N kò ní kí ẹ gba ti Jídé, n kò sì ní kí ẹ bá ìjọ yín jà. Kí ẹ ṣáà wá gbọ́wọ́ lé wa lórí nínú yàrá wa ni mò ń bẹ̀ yín sí.

Olúwa á dá ẹ̀yin àti Ìyá mi sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, kí ẹ kí àwọn akọrin. Èmi ni ọmọ yín, Àbẹ̀kẹ́, tí yóò máa wo ojú ọ̀nà ní Sátidé kìíní oṣù Kejìlá.