Epo Ọbẹ̀ Kọ́ Ni Ẹ̀rọ Agégi Ń Lò

Lomé, nínú ọyẹ́, 1957

Ràímì àbúrò mi,

Mo kí ìwọ àti ìyàwó rẹ ní Badou. Ara Màmá ti yá, ó ti padà sí ìsọ̀ ní Adawlato.

Má tíì ra ẹ̀rọ agégi tuntun. Mo yẹ irin tí ṣéènì ń yí lé lórí, tí o fi ránṣẹ́, wò: epo pupa tí o rọ sí i ló dì nínú ọyẹ́, tó dí ihò tí epo ń gbà dé ara ṣéènì. Mo ti fi wáyà ṣí i; ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹrù yìí. Kí o tó gégi, tan ẹ̀rọ, na ẹnu rẹ̀ sí ewé gbígbẹ. Bí ọ́ìlì kò bá ta sí i, pa á. Ṣéènì gbígbẹ lè já lù ọ́ lójú.

Kọ èsì kíá. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún wa. Màmá tún fi epo pupa ránṣẹ́. Ó ní, "Ìyàwó rẹ̀ ni kó gbà á."

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àlàní