Ààlè Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Orúnkún Mi

Ikpínlẹ̀, ọjọ́ Àìkú

Oyèfúnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kútọnu níbẹ̀? Ṣé òrùlé ò jò, ṣé ọ̀gá rẹ ò bínú? Àwa ń mí, adìyẹ ń yé. Àwọn tó lọ ṣáájú wa kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Dáhùn àṣẹ sí èyí lẹ́ẹ̀mejì, torí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé.

O mọ orúnkún ọ̀tún mi tó ti ń dùn mí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti wà láyé, tó máa ń ké kẹ̀kẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Lọ́jọ́rú mo lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní oríkèé rẹ̀ ló ti gbó. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní kiné, tó ń fi ọwọ́ tọ́jú oríkèé, gé aṣọ aláwọ̀ aró kan tó ń fà bíi rọ́bà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún náà lọ́tùn-ún lósì. Ó ní kò wo àrùn sàn o, yóò kàn jẹ́ kí ìrìn rọrùn ni, kí n máa na ẹsẹ̀ láràárọ̀, kí n padà wá lọ́jọ́ karùn-ún kí òun fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo mọ ohun tí mo rí: ààlè ni. Wọ́n ti pa ààlè sí orúnkún mi, olè kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́.

Ìrora lọ lóòótọ́. Mo rìn dé oko ẹ̀gẹ́ wa, mo sì padà láìjókòó. Àmọ́ o rántí ọdún tí bàbá rẹ pa ààlè sí àgbàdo wa, ṣebí oko Fábọ̀dé aládùúgbò wa lolè yà sí? Lọ́jọ́bọ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo gbọ́ kẹ̀kẹ̀, kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo na ẹsẹ̀ wò, tèmi ò ké. Ohun náà ń gba ọ̀nà ilé Fábọ̀dé lọ. Fábọ̀dé tó fi mí ṣẹ̀sín lọ́jọ́ tí mo dé pé, Ìyá Oyè, ṣé ọkọ tuntun lẹ fẹ́ fẹ́ tí ẹ fi kun aró sórúnkún, òun ló jí tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú bí àgbọn. Kiné lẹ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Kùdírátù tó ń ta àkàsà níbi tí àwọn onízémì, àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, ń gúnlẹ̀ sí kò lè tẹ orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dáná. Kiné lẹ tirẹ̀ náà. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, Jàmíù onízémì tó ń jẹ àkàsà níbẹ̀ ń tiro, ó ní àfi bíi pé ẹnìkan jókòó sórí orúnkún òun. Òun ló gbé gàrí tí mo fi ránṣẹ́ wá fún ọ. Nírọ̀lẹ́ ó padà dé, kò lẹ nǹkan kan, kò sì tiro. Mo bi í pé ibo ló sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ó ní, ẹrù wo, Ìyá? Ṣebí mo gbé gàrí yín dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín, mo sì jókòó díẹ̀.

Lónìí o pè mí, o ní orúnkún ọ̀tún ń dùn ọ́, o ní àtẹ̀gùn bùró níbi iṣẹ́ yín ni. Àtẹ̀gùn kọ́. Mo gbọ́ kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ. Mo mọ̀ ọ́n, ogún ọdún la fi jọ sùn.

Jọ̀ọ́, bí kiné bá wà ní Kútọnu, má jẹ́ kó lẹ nǹkan kan mọ́ ọ. Èrò pọ̀ ní títì yín, bó bá kúrò lára rẹ, a ò ní rí i mú mọ́. Mo ti fi epo pupa ṣí tèmi kúrò fúnra mi, kí ó lè mọ̀ pé àyè rẹ̀ ṣófo. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kíákíá, kí o sì fi ti búrẹ́dì díẹ̀ kún un. Owó àlọ ẹnì kan, owó àbọ̀ ẹni méjì.

Jókòó dè mí. Mò ń bọ̀ wá mú un relé. Bí mo bá ti mú un kúrò, wàá kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ, wàá sì dìde.

Èmi ìyá rẹ,
Ẹfúnwùmí