Bíìrò Pupa Lórí Ìwé Dókítà

Bonamoussadi, Douala.
Ọjọ́bọ̀.

Kàbírátù, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ará ilé wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ pẹ̀lú ara líle, kí ó sì bá ọ ní ìjókòó, nítorí ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò.

Hamidah ọmọ rẹ ti ń gbádùn. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí àyà rẹ má baà já. Ọjọ́ kẹta tí o fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ni ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní etí òsì rẹ̀, ara rẹ̀ sì gbóná. Mo gbé e lọ bá Dókítà Aurélien ní Ndogbong, ó kọ oògùn alórúkọ méjì: amoxicilline pẹ̀lú acide clavulanique.

O mọ bàbá rẹ. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gé àròkọ ọmọ ọlọ́mọ kúrú kì í rí gbólóhùn gígùn kó dákẹ́. Amoxicilline ni mo mọ̀; èkejì, mo kà á sí fáàrí dókítà. Mo yọ bíìrò pupa, mo fagi lé e. Manuella tó ń ta oògùn ní, "Papa, méjèèjì ni docteur kọ o!" Mo ní olùkọ́ ni mí. Ó mí kanlẹ̀, ó fún mi ní amoxicilline nìkan.

Ní ọjọ́ kẹrin tó ti ń lo oògùn, ibà ò lọ. Mo pe ọmọ láti apá òsì, kò dáhùn. Mo tún pè é. Kàbírátù, mo sáré gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà wo ìwé náà, ó bi mí pé ta ló fagi lé iṣẹ́ òun. Ọmọ mi, mo purọ́. Mo ní ilé oògùn ni. Hamidah, tí Yorùbá rẹ̀ kì í ju "ẹ káàárọ̀" lọ, wá rí Yorùbá sọ lójijì: "Papy, ṣebí ẹ̀yin ni!"

Dókítà ò bú mi; ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní àwọn kòkòrò àrùn kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun kan tó dà bí sísọ́ọ̀sì, tí wọ́n fi ń gé amoxicilline wẹ́wẹ́ kó tó rí wọn pa. Oògùn kejì kò fi bẹ́ẹ̀ pa kòkòrò fúnra rẹ̀. Ẹnu sísọ́ọ̀sì yẹn ló ń lọ há sí, kí èkíní lè ráyè ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fagi lé nìyẹn.

Hamidah ti ń lo méjèèjì pọ̀ báyìí, ọyún sì ti gbẹ. Lánàá, mo dúró lápá òsì rẹ̀ níbi tó ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Hamidah, dárí jì mí." Kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Papy, mo ti gbọ́."

Ó gbọ́, Kàbírátù. Ó gbọ́.

Kí Ọlọ́run mú ọ délé láyọ̀, kí ó má jẹ́ kí n tún fi ọgbọ́n orí mi pa ọ́ lẹ́kún.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń tì,
Sàlísù.

Àfikún: Mo ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Manuella níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Bíìrò pupa náà wà lọ́wọ́ Hamidah. Àwòrán irùngbọ̀n mi ló fi ń yà.