Imú Ọkọ̀ Sí Ìsàlẹ̀

Bàámi ọ̀wọ́n,

Mo ti ta ilẹ̀ Alajue. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó kí yín rárá, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ilẹ̀ tí ẹ fà lé mi lọ́wọ́ lójú Màámi, tí ẹ ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò gbà á. Èmi fúnra mi ni mo tà á, mo sì fi owó rẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù yín ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn la fi ń jẹun. Lẹ́yìn tí a sin yín, èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́, mo ń bá àwọn ìyá onígàrí kó ẹrù láti Alajue wá sí Ẹdẹ bí ẹ ṣe ń ṣe. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ láti fi ọkọ̀ sílẹ̀ sí etí títì níwájú ilé, níbi tí ẹ máa ń páàkì sí, torí àwọn olè ń yọ bátìrì ọkọ̀ kiri àdúgbò. Mo bá ń wà á wọ inú ọgbà lálaalẹ́, màá ti géètì. Mo rò pé mo gbọ́n. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò ní dáhùn. Lọ́jọ́ tó bá sì dáhùn, tó bá dé orí òkè Alajue, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á kú sáàárín ọ̀nà pẹ̀lú gàrí olówó lẹ́yìn.

Lójú Bọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì yín, ẹ́ńjìnnì náà ti gbó tán, àfi ká tú u palẹ̀ ká ṣe é lọ́tun. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ lọ. Màámi bẹ̀ mí títí pé kí n má tà á, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀, mi ò gbọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, olórí kunkun ni mí, ẹ̀yin náà lẹ sì bí mi. Bọ̀dá Múfú kó písítìn tuntun sí i, ríìngì tuntun, gbogbo ohun tó yẹ kó jẹ́ tuntun. Lọ́jọ́ tí wọ́n tò ó padà, ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí Màámi fi jó. Mo wà á wọ inú ọgbà tayọ̀tayọ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ̀!

Háà, Bàámi, ojú mi rí màbo. Bọ̀dá Múfú ní pọ́ǹpù ni, a ra pọ́ǹpù. Wọ́n ní nọ́súlù tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì ni, a pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A tún ra bátìrì. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ síbẹ̀, fíríìjì Màámi tẹ̀ lé e. Àwọn onígàrí wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Lọ́jọ́ kan, mo dúró níwájú ọkọ̀ yẹn, mo ta táyà rẹ̀ nípàá, mo sì bú ẹni tó fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ni mo bú. Ẹ foríjì mí.

Nígbà tó sú mi pátápátá, mo bá àwọn tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá gbé e. A tì í jáde nínú ọgbà, a sì yí i kọjú sí ìsàlẹ̀ títì kó lè rọrùn fún wọn láti fà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ inú rẹ̀ láti mú tẹ̀sùbáà yín tó so mọ́ díńgí. Ṣe ni mo kàn dédé yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jí!

Inú mi dùn débi tí mo fi lé àwọn onírin lọ. Mo wà á yípo ìlú, mo sì tún wà á padà sínú ọgbà. Nígbà tó máa di àárọ̀, ó tún ti kọ̀.

Mo rántí yín. Bó ti wù kó rẹ̀ yín tó, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, ẹ máa ń wa ọkọ̀ lọ yípo wá ni, kí imú ọkọ̀ lè kọjú sí ìsàlẹ̀ kí ẹ tó pa á. A máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ fẹ́ kó máa wo odò Ọ̀ṣun. Inú ọgbà wa sì rèé, òkè ni imú ọkọ̀ máa ń wà. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, rọ́bà tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì lọ síwájú ti là díẹ̀, kò ju èékánná mi lọ. Bí imú bá wà lókè, dísẹ́ẹ̀lì á ṣàn padà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á wọlé. Bó bá wà nísàlẹ̀, kò síyọnu. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó rọ́bà tuntun ò tó owó àkàrà àti ẹ̀kọ tí èmi àti Màámi jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín, Bàámi. Kò tiẹ̀ sí nǹkan tó ṣe é rí. Mo ta ilẹ̀ yín nítorí rọ́bà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti là? Àbí ẹ kàn rí i pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń jí? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Kí ló dé témi náà kàn ń rẹ́rìn-ín, tí mi ò béèrè?

Ọkùnrin tó ra ilẹ̀ ti gé igi obì yín márùn-ún lulẹ̀. Ó gbọ́ pé ọkọ̀ ti dáa, ó wá sílé lánàá pé kí n bá òun kó sìmẹ́ńtì lọ síbẹ̀ lọ́la. Mo gbà. Kí ni ǹ bá ṣe? Kò sí nǹkan kan nílé. Mi ò tíì lè sọ ibi tí mò ń lọ fún Màámi. Ọjọ́ gbogbo ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kí ọkọ̀ yẹn má kú lórí òkè Alajue. Lọ́la nìkan ni mo fẹ́ kó kú, mo sì mọ̀ pé kò ní kú.

Rọ́bà tuntun ti wà níbẹ̀, kò sí ewu mọ́. Síbẹ̀, mo lọ yípo wá, mo yí imú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ máa ń páàkì sí.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí Àlùjánnà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò béèrè.