Yàrá Iwájú Kò Ní Di Ṣọ́ọ̀bù

Èmi, tí orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà nínú ìwé ilé, ṣùgbọ́n tí mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi gba orúkọ Ìyá Alábẹ́rẹ́, mo kọ ìwé yìí ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ìwé méjì péré ni mo kà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi gírámà dá mi lẹ́jọ́. Orí mi pé. Ẹni tó bá ní arúgbó ń ṣarán, kó wá bá mi fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ká wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí ihò.

Lọ́yà mi àti apòògùn ojúlé kẹta ni mo yàn láti pín ohun ìní mi. Ohun tí mo wí ni kí ẹ ṣe. Ẹ má bá mi tún un ṣe.

1. Òkè ilé, yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, di ti ọmọ mi ọkùnrin.

2. Máṣíìnì ńlá tó ń lo iná di ti ọmọ mi obìnrin. Ọdún mẹ́fà ló fi bá mi yodì nítorí mo ní ọkọ rẹ̀ kò mọ aṣọ wọ̀. Kò mọ̀ ọ́n wọ̀. Ṣùgbọ́n ó tọ́jú ọmọ mi, mo ti fi jì í.

3. Ológbò mi di ti apòògùn, nítorí òun nìkan ni ológbò náà kò tíì fi èékánná ya.

4. Yàrá iwájú nísàlẹ̀, tó kọjú sí títì, pẹ̀lú tábìlì gígùn, àga kúkúrú mẹ́jọ, abọ́ bọ́tìnnì àti gbogbo péègì aṣọ, di ti obìnrin tí àwọn ọmọdé ń pè ní Olùkọ́ Ọwọ́. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ni. Àwọn ọmọ tí ìka wọn kò tètè gbọ́ràn, tí wọn kò lè di bọ́tìnnì tàbí kí wọ́n di pẹ́ńsù mú dáadáa, ni ó ń kọ́ níbẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ máa ta fóònù nínú yàrá yìí. Ó ní, "Ìyá, ṣé torí eré péègì lẹ ṣe fẹ́ sọ yàrá ojú títì nù?" Ọmọ mi, jókòó, kí n sọ ohun tí o kò mọ̀ fún ọ.

Nígbà tí Adúmáadán, ọmọ rẹ, pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò lè di bọ́tìnnì kan ṣoṣo, o ní ọ̀lẹ ni. Tíṣà rẹ̀ náà ní ọ̀lẹ ni. Inú bí mi, mo fi abẹ́rẹ́ gbèjà rẹ̀. Mo rán aṣọ ilé-ìwé tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò ní ihò. Mo kàn wọ́n mọ́ iwájú fún ẹwà lásán. Rọ́bà ni mo fi sí ọrùn rẹ̀, kó lè fi orí wọ̀ ọ́ bí àpò. Odidi ọdún méjì, kò sẹ́ni tó fura. Mo ń yan kiri.

Olùkọ́ Ọwọ́ ló gbé síkẹ́ẹ̀tì wá kí n bá a tún un ṣe lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ kan àyà aṣọ ọmọ náà. Ó ní, "Ìyá, bọ́tìnnì yìí ò níhò o." Mo ní kò kàn án. Ó ní, "Ta lẹ rán an fún, ọmọ yìí àbí ojú ayé?" Mo lé e jáde. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá a níbi iṣẹ́.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Èmi ni mo gbé pẹpẹ náà sókè. Mo fi ìfẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìka ọmọ. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Péègì ni ọmọ náà kọ́kọ́ ń fún pọ̀, kí àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e lè lágbára. Ìyẹ̀fun tí a pò le ló tẹ̀lé e, kó máa wá ìlẹ̀kẹ̀ yọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì tó tóbi bí ìdérí ìgò. Olùkọ́ Ọwọ́ ní kí n jókòó lé ọwọ́ ara mi kí n má bàa ràn án lọ́wọ́. Èmi, aránṣọ! Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó lé e. Lọ́jọ́ tí bọ́tìnnì àkọ́kọ́ fẹ́ wọlé, mo yọ ọwọ́. Ọmọ ní, "Ìyá àgbà, ẹ fi í sílẹ̀, tèmi ni." Ó wọlé. Mo sunkún, mo ní òwú ló kó sí mi lójú.

Ọmọ mọ́kànlá ló ń wá sí yàrá yìí báyìí. Kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ni ilé ìwòsàn ní fún wọn. Kí fóònù wá ibòmíràn gbé.

5. Bí ọmọ mi bá gbé ìwé yìí lọ sí kóòtù, kí òkè ilé náà di ti Olùkọ́ Ọwọ́. Èmi ni mo bí i; mo mọ̀ pé yóò gbìyànjú.

6. Adúmáadán kò ní ìpín kankan níbí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo bínú sí i. Lọ́yà ní ẹni tó bá jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Mo bi ọmọ náà léèrè èwo ló fẹ́, ó ní, "Ìyá àgbà, ta ló ń bá yín du ogún? Ẹ gbé bíírò wá." Ó ti pé ẹni ọdún méjìlélógún. Ọmọ mi, bí o bá fẹ́ ba ìwé yìí jẹ́, dúró níwájú adájọ́, kí o sọ pé ọwọ́ tí ọmọ rẹ fi kọ orúkọ síbí kò tó ọwọ́.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi. N kò tẹ̀ka. Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ìyá Alábẹ́rẹ́

Ẹlẹ́rìí kìíní: onígbàjámọ̀ òdìkejì títì, tó ní kí n kọ ọ́ pé òun kò mutí wá.

Ẹlẹ́rìí kejì: Adúmáadán, ọmọ-ọmọ. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kò sẹ́ni tó bá a di bíírò mú.