Oríkì Tí Bàbá Mi Fi Ti Omi Pa

                                        Ilé Akínlọ́lá,
                                        Ikpinlè, Adja-Ouèrè.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 2025.

Nadège, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá àgbà ti ń jẹ́ kí wọ́n sùn? Kútọnu ńkọ́, ṣé ẹ ń rí iná? Àwa wà níbí. N kò ní sọ pé dáadáa ni.

Àwọn ọmọ ọ̀pẹ tí a gbìn sínú ọ̀rá ti kú tán. Àwọn ni Bàbá fẹ́ tà nígbà òjò kí n lè padà sí kọlẹ́ẹ̀jì.

Ẹ̀rọ ló fà á. Félicien tó ń ta pọ́ǹpù ló ri ẹ̀rọ kékeré kan mọ́lẹ̀ fún wa. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ̀rọ náà á ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́ sí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á sì fa omi. Félicien ní ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ wà ní gbangba, pé kóòdù ló ń dà á rú létí ẹlòmíràn. Ó ní kí Bàbá mú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ fi ṣe kóòdù náà. Bàbá ní kó kọ Agbinọ̀pẹ. Oríkì ilé wa, tí gbogbo Ikpinlè fi ń kí wọn láràárọ̀. Bàbá ní ohun tí baba àwọn fi sílẹ̀ kò lè já àwọn kulẹ̀. Ẹnu ń yún mi, ṣùgbọ́n ta ni mí?

A lọ sin òkú ní Tatonnonkon, a lo ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀, a fi oko sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Nígbà tí a dé, gbogbo ewé ti gbẹ. Félicien tú u wò, ó ní ẹnìkan ti ń fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sọ fún pọ́ǹpù wa pé ilẹ̀ tutù, kóòdù wa gan-an ló sì fi sọ ọ́.

Arnaud ni, ọmọ àbúrò Bàbá. Kànga kan náà ni a jọ ń fà, ó fẹ́ kí omi tó tòmátì tirẹ̀. Kò tilẹ̀ sẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ṣé mo jí i ni? Ṣé Agbinọ̀pẹ kì í ṣe oríkì tèmi náà ni?" Àbúrò Bàbá ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kí a fọwọ́ bò ó. Wọ́n fọwọ́ bò ó lóòótọ́, Nadège. Èmi ni mo wà lábẹ́ ọwọ́ náà.

Félicien ti fi kóòdù mìíràn sí i, lẹ́tà àti nọ́ńbà játijàti tí kò nítumọ̀. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó ń bomi rin òkú.

Bá mi kí Ìyá àgbà, kí o kí Marcellin ọkọ rẹ. Má sọ fún wọn pé mo sunkún.

Lánàá, Ìyábùnmi àgbà, aládùúgbò wa, ń kọjá lọ sóko, wọ́n kí Bàbá: "Agbinọ̀pẹ, ẹ jí ire?" Bàbá ń pọ́n àdá, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìyá, Akínlọ́lá ni kí ẹ máa pè mí."

Èmi tó ṣì jẹ́ tìrẹ,
Oyèkẹ́mi.